Déètì Tí A Ò Gbọdọ̀ Yí

Yìgì àbúrò mi ọkùnrin la fẹ́ wò. Mọ́ṣáláṣí kan ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti fẹ́ so ó, ìyá wa ò sì lè lọ nítorí wọn ò rí físà gbà. Àbúrò mi wá fi líǹkì ránṣẹ́ pé ká máa wò ó lórí ayélujára. Láti àárọ̀ Sátidé yẹn ni ìyá mi ti wẹ̀, tí wọ́n wọ léèsì, tí wọ́n da ìborùn bo orí, tí wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà wa ni ìyàwó máa gbà wọlé.

Fóònù mi ti fọ́ lójú. Ó ṣì ń pín dátà, àmọ́ èèyàn ò lè rí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Ti ìyá mi sì rèé, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni. Mo bá yá lápútọ́ọ̀pù ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹlẹgbẹ́ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá. Orí lápútọ́ọ̀pù náà ló ti máa ń ya bátànì, ẹ̀rọ á wá fi òwú kọ ọ́ sára aṣọ.

Mo tẹ líǹkì. Ẹ̀rọ náà ní òun ò rí ojú ìwé náà. Mo pa dátà, mo tún un tàn, mo gbé fóònù lọ sójú fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé dáadáa. Ìyẹn yanjú. Kí n tó mí, òmíràn ti yọ: àmì pupa gàdàgbà, pé ìsopọ̀ mi ò ní ààbò, pé àwọn olè lè máa yọjú wo ohun tí mò ń ṣe. Olè wo? Ta ló fẹ́ jí yìgì wò? Mo pa ojú ìwé náà dé, mo tún un ṣí. Mo nu gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ti kó pa mọ́. Mo pa òun fúnra rẹ̀, mo tún un tàn. Pupa kan náà ló tún gbé wá. Ó ń ṣe mí bíi kí n ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ìyá mi ń bi mí ṣáá bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń bèèrè gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Mo gba fóònù wọn, mo pe ẹni tó ni lápútọ́ọ̀pù, tó ti lọ ra òwú ní Ọjà'ba. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní déètì ni. Àsìkò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún òun lórí ètò orí ẹ̀rọ tí òun fi ń ya bátànì ti tán lọ́dún tó kọjá, òun sì dá déètì padà sẹ́yìn kí ètò náà má bàa mọ̀. Ó ní bí gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà ládùúgbò ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo wo igun ìsàlẹ̀: ọdún tó kọjá la wà lóòótọ́. Mo wá ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lábẹ́ pupa náà: déètì ẹ̀rọ yìí ò tọ̀nà, ìyẹn ni ojú ìwé náà ò fi lè ṣí. Déètì lòun náà ti ń pariwo láti àárọ̀.

Ọwọ́ mi ti débẹ̀ láti yí i.

"Má fọwọ́ kàn án o," ló wí. "Tí déètì yẹn bá ti kúrò níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ máa tì pa ni. Iṣẹ́ kọsítọ́mà wà nínú ẹ̀ tí mi ò tíì gbé sórí fíláàṣì. Mo ti ń bọ̀."

Mo ní mi ò ní dúró. Ìyá mi, tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, di ọwọ́ mi mú.

"Dúró dè é," ni wọ́n wí. "Ohun tó fi ń jẹun ni."

Mo dúró. Inú bí mi sí i, ó bí mi sí ẹni tó ṣe ètò náà, ó bí mi sí àwọn tí kò fún ìyá mi ní físà. Mò ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, mò ń gbọ́ gbogbo ọ̀kadà tó ń gòkè lọ sí Mápó, kò sí èyí tó dúró. Nígbà tí ẹni tó ni lápútọ́ọ̀pù wọlé, òógùn ti bò ó. Kò jókòó. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí fíláàṣì, ó bẹ ìyá mi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí déètì sí tòní. Ojú ìwé náà ṣí wẹ́rẹ́, àfi bíi pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Ọkùnrin kan ló wà nínú mọ́ṣáláṣí náà, tó ń ká ẹní. A ò rí ìyàwó, a ò rí lẹ́mọ́mù.

Fóònù ìyá mi dún. Àbúrò mi ni, ohùn rẹ̀ ròkè débi pé mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí.

"Mọ́mì, ṣé ẹ rí mi nígbà tí mo sọ pé mo gbà?"

Ìyá mi ò gbójú kúrò lára ọkùnrin tó ń ká ẹní.

"Mo rí ẹ," ni wọ́n wí. "Ohùn ẹ ò tiẹ̀ gbọ̀n rárá."