Àgbàdo Tuntun Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Jẹ

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí oko olówó àti oko tálákà, tó sì gbé ìyá mi dìde lórí ibùsùn àìsàn.

Nígbà tí ìyá mi ti ilé ìwòsàn dé, ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù ú jẹ. Ẹ̀kọ ni o, ẹ̀wà ni o, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì ti abọ́ sẹ́yìn. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí kò bá jẹun, a óò tún gbé e padà. Nítorí náà ni mo ṣe ń wọ ọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ute, níbi tí ó ń gbé, ní gbogbo Sátidé láti lọ se oúnjẹ fún un.

Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó àgbàdo tútù. Àmọ́ eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, ó sì ń tijú kí ènìyàn rí òun níbi tí òun ti ń bá àgbàdo jà. Lọ́jọ́ tí mo rí i pé àgbàdo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti tó jẹ, inú mi dùn. Mo ti rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi àgbàdo ṣe sàláàdì. Mo ya díẹ̀, mo sè é, mo fi ọ̀bẹ gé hóró rẹ̀ kúrò lára ṣùkù. Mo gé tòmátò, kùkúmbà àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ sí i.

Ìyá mi wo abọ́, ó wo ojú mi.

"Kí lèyí? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo ti di ewúrẹ́ ni?"

"Màámi, àgbàdo yín ni. Ẹ ò ní fi eyín já a, síbí lẹ máa fi jẹ ẹ́."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó mú síbí. Ó tún gbé e kalẹ̀.

"Ṣé o ti mú àkọ́so lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu kan àgbàdo tuntun nílé wa kí a tó gbé àkọ́so rẹ̀, tòun ti èèpo, lọ síwájú pẹpẹ. Èmi tí ilé-ìwé ìjọ tọ́ dàgbà, ìkánjú ti gbé mi.

"Ọlọ́run mọ̀ pé ara yín ò le, Màámi. Ẹ jẹ díẹ̀."

"Ó mọ̀. Ṣé kí n wá jẹun ṣáájú ẹni tó ni oko?"

"Èyí tí mo ti sè ńkọ́?"

"Gbé e fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ò ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Bí ewúrẹ́ aládùúgbò ṣe jẹ sàláàdì àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ìyá mi ò fi nǹkan gidi kan ẹnu lọ́jọ́ náà.

Mo sùn síbẹ̀ mọ́jú, mo rò pé èmi ni yóò rán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo bá a níbi tó jókòó sí, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ẹni tí kò tíì rìn kọjá ìloro láti ìgbà tó ti dé! Mo ní kí n pe ọ̀kadà. Ó ní òun ò ní gun ọ̀kadà lọ dúpẹ́ ẹsẹ̀. Ó di apá mi mú, mo ru agbọ̀n àgbàdo, a ń rìn, a ń sinmi lẹ́nu ọ̀nà onílé gbogbo. Bí a ṣe wọlé, àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n dá orin ọpẹ́.

Àlùfáà gba agbọ̀n náà. "Màmá, àgbàdo lẹ gbé wá ni, àbí ara yín?"

"Méjèèjì ni, sà. Ẹ gba èyí tó bá wúlò."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ò tíì tú gèlè nílé tó fi ní, "Koríko rẹ dà?"

Mo tún ṣe sàláàdì mìíràn. Ó tọ́ ọ wò.

"Ta ló ń jẹ àgbàdo láìsí àgbọn?"

Mo fọ́ àgbọn, mo rin ín sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ń fi síbí ha ìdí abọ́. Mo yíjú sí ògiri kó má baà rí omijé mi.

"Kí lò ń wò lára ògiri? Bù sí i!"

Títí dòní, n kì í ṣe é láìsí àgbọn, agbọ̀n àkọ́so ló sì ń ṣáájú. Ìwọ tí ò ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oúnjẹ korò lẹ́nu ẹni tí o fẹ́ràn. Kí àgbàdo rẹ gbó lójú rẹ, kí ẹsẹ̀ ara rẹ sì gbé ọ dé ibi ọpẹ́. Àmín.