Àwọn Káàdì Etí Wíwọ́

Lẹ́yìn fidáù ọmọ mi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti Èkó wá rajà ní Deira, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, yà sọ́dọ̀ wa ní Abu Shagara láti pín ẹrù olóògbé. Ọkọ mi ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe àbúrò ọkọ nílé wa. Aago ọwọ́ lọ, kọ̀ǹpútà lọ, bàtà lọ. Kò ku ohun tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin lè dì mú pé ti bàbá òun rèé, àfi páálí káàdì kan.

Àwòrán àwọn tó ń gbá baseball ni, bọ́ọ̀lù onígi àwọn ará Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Bí ọmọ mi bá ti báǹkì dé, á tẹ́ wọn sórí tábìlì, á máa fi àtàǹpàkò ra etí wọn.

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, ta ló mọ̀ bóyá wúrà ni? Ẹ jẹ́ ká lọ béèrè."

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Hor Al Anz, ará Filipíìnì kan tó ń ta irú rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, ó mi orí. Ó ní láyé ìgbà náà, orí ìwé gbọọrọ kan ni wọ́n ń tẹ àwòrán púpọ̀ sí. Ọmọdé tó bá rà á ló ń fi àlùmọ́gàjí gé e fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí wọn fi wọ́, tí èyí fẹ̀, tí tọ̀hún tín-ín-rín. Ìwé rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwòrán ọ̀hún ò sì jọ ojú ẹni tó ni ín. Èyí tí ẹ̀rọ gé ni àwọn tó ń kó káàdì jọ fẹ́.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Khalas! Ó tán! Pàǹtí ni!" Ó jáde lọ dáhùn ìpè fóònù nípa ẹrù tó rà.

Ìgbà náà ni ọkùnrin yẹn rọra fi Gẹ̀ẹ́sì tó yé mi sọ pé, "Mama, ẹ má dà á nù o. Àwọn ọmọ yẹn ti ya èyí tó pọ̀ jù. Ìwọ̀nba ló kù láyé, ó lè níye lórí lọ́jọ́ kan. Etí nìkan ni àwọn tó ń kó o jọ ń wò."

Mo fi shukran dúpẹ́, mo dé páálí náà. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọkọ mi, páálí náà á bá aago ọwọ́ lọ sí Èkó. Mo gbé e mọ́ àyà.

Nínú ọkọ̀, ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ gbé e mọ́ra bí ọmọ jòjòló!"

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fi ṣeré."

"Ẹ fún un jàre."

Visa bàbá ni ọmọ-ọmọ mi àti ìyá rẹ̀ fi ń gbé ibí. Bàbá ti lọ, àwọn náà ń palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo bá a nídìí tábìlì, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

"Grandma, mo fẹ́ gé wọn kó gún ni. Bàbá Èkó ní etí wọn ò dáa."

Mo gba àlùmọ́gàjí. Mo ti ránṣọ rí; mo mọ ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gígé. Mo mú àtàǹpàkò rẹ̀, mo fi ra etí káàdì kan. "Wo ibí yìí. Ọmọ tó gé e fẹ́ẹ̀ gé fìlà ọkùnrin yìí já, ló bá yí ọwọ́ padà. Ibẹ̀ ni bàbá ẹ máa ń fọwọ́ kàn."

Ó fọwọ́ kàn án, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Á ti kú tipẹ́."

"Bíi Daddy?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A kó wọn padà sínú páálí, mo fi ìborùn mi dì í, mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín aṣọ rẹ̀ nínú àpótí tó ń gbé lọ sílé.