Ajá Tó Ń Hu Lọ́jọ́ Ọjà

Ọjọ́ méje ni wọ́n fún ajá náà. Tí ọjọ́ méje bá pé tó ṣì wà ládùúgbò, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á wá ojútùú sí i, gbogbo wa la sì mọ irú ojútùú tí wọ́n ń sọ. Ẹran tí wọ́n bu oògùn eku sí kò ṣòro láti jù sẹ́nu ọ̀nà ẹni kan.

Màmá Ṣadé ló mú ọ̀rọ̀ náà wá bá mi ní ilé ìwòsàn ẹran tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, opó sì ni. Kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò fa ajá kankan lọ́wọ́ wá. Ìwé ẹ̀sùn tí àwọn aládùúgbò kọ ló mú dání.

"Dókítà, ẹ bá mi kà á," ó ní. "Mo ti kà á tán. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ajá kà á pẹ̀lú."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èmi kì í ṣe dókítà. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni mí. Mo máa ń gún ẹran lábẹ́rẹ́, mo máa ń wẹ egbò, mo sì máa ń di ajá lẹ́nu mú kí ọ̀gá lè ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ìbàràpá, tó ti gun ọ̀kadà dé gbogbo abà tí ewúrẹ́ ti ń ṣàìsàn, orúkọ tí wọ́n bá pè é náà ló máa jẹ́.

Bàbá Àlàó ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Òun ló kọ́ mi pé ohùn ajá kò rí bákan náà. Tó bá ń gbó, ẹni tó wà nítòsí ló ń bá wí: "Ta nìyẹn?" Tó bá ń kùn, ó ń sọ pé kí o má sún mọ́ òun. Ṣùgbọ́n tó bá gbé ẹnu sókè, tó fa ohùn gùn bíi ti ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò, ó ń hu nìyẹn. "Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ajá tó ń hu ń bá sọ̀rọ̀," Bàbá Àlàó máa ń wí. "Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o wádìí ẹni náà."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa débi pé mo fi ṣe àṣìṣe. Ní ọdún kejì tí mo dé ibi iṣẹ́, ọkùnrin kan láti Ìdèrè wá sọ fún mi pé ajá òun ń hu tọ̀sán tòru. Láìwo ajá, mo ní àìrẹ́nibárìn ló ń dà á láàmú, kí ó lọ ra èkejì. Ó rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fa àwọn méjèèjì wá, àwọn méjèèjì sì ń hu, torí èyí tuntun ti ń dá ti àkọ́kọ́ lóhùn. Bàbá Àlàó kò bú mi. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo inú etí ajá àkọ́kọ́. Ìdin ló kún ibẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń yẹ ara wò kí n tó wá ọ̀rọ̀ ọkàn, tí mo sì máa ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kí n tó na ọwọ́, nítorí ajá tó bá dìgbòlugi náà, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé Màmá Ṣadé. Ẹ̀yìn ìlú ni, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, irun funfun sì ti yí ẹnu rẹ̀ ká.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ wo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣetìẹ ni Bàbá Ṣadé sọ ọ́."

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í sọ ajá lórúkọ lásán nílẹ̀ yìí? Aládùúgbò ni a máa ń fi orúkọ ajá bá wí. Ẹni tí olóògbé fi orúkọ yẹn bá wí ti kó lọ, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé tó wá gba ilé náà kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, láti apá Oǹdó ni wọ́n ti gbé e wá síbí. Láràárọ̀ ló ń gbọ́ tí Màmá Ṣadé ń pe "Ṣetìẹ, Ṣetìẹ" lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó sì gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Òun náà ló kọ ìwé ẹ̀sùn. Nígbà tó rí mi, ó rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kí mi dáadáa.

"Ẹ má rò pé ìkà ni mí, mà," ó ní. "Ìyàwó mi lóyún oṣù méje. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kí èyí tó dúró. Tí ajá yẹn bá ti hu, inú yàrá ló máa sá wọ̀, á di ikùn rẹ̀ mú, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìyá mi ní òkú ni ajá tó ń hu ń pè. Kí lẹ ní kí n ṣe?"

N kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ní ìyá, ohun kan náà ló sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mo yẹ ajá náà wò láti etí dé ìrù. Etí mọ́, eyín dára, ikùn rọ̀, orúnkún kò dùn ún. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Mo béèrè bóyá ó máa ń hu tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Màmá Ṣadé ní rárá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí òun wà níléèwé, ajá kì í hu, nígbà míràn tí òun bá sì jókòó tì í gan-an ló máa hu. Kì í ṣe àìrẹ́nibárìn nìyẹn.

Mo tún ṣí ìwé ẹ̀sùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Akíntádé lóòótọ́. Kò kàn kọ pé ajá ń yọ àwọn lẹ́nu; ó to gbogbo ọjọ́ tó hu sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, àti aago. Àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó máa dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mo fi ìka kà á. Mo tún un kà.

"Ọjọ́ ọjà ni gbogbo rẹ̀," mo ní.

"Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyẹn," Akíntádé fèsì. "Ẹranko kì í ka ọjọ́. Ta ló ń sọ fún un?"

Ọjà wà lódìkejì ìlú, ariwo rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Màmá Ṣadé ní apá ibi àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn oko ni ajá máa ń kọjú sí. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, Ṣetìẹ lọ dùbúlẹ̀ sí igun fàráńdà, ó gbé àgbọ̀n lé ibì kan tí ilẹ̀ ti dúdú. Mo fi ìka kàn án. Epo ọkọ̀ ni.

"Ta ló da epo síbí?"

"Ibẹ̀ ni Bàbá Ṣadé máa ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí," ìyá náà ní. "Iwájú, lórí táǹkì, ni ajá yìí máa ń jókòó tí wọ́n bá ń lọ sóko."

"Ọ̀kadà náà dà?"

"Mo ti ní kí mẹkáníìkì bá mi tà á. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. N kò béèrè ẹni tó rà á."

Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n tún ná ọjà, tí ìyẹn bá sì kọjá, kò ní sí ọjọ́ ọjà mìíràn kí ọjọ́ méje tó pé. Mo bẹ Akíntádé pé kó gba àyè níbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó lọ dúró lẹ́yìn àpáta, níbi tí ọ̀nà àwọn ará abà ti já sí títì.

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Tí mo bá rán ẹlòmíràn, ẹ ó ní mo ti kọ́ ọ lóhun tó máa sọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjà, èmi àti Màmá Ṣadé jókòó sí fàráńdà. Ṣetìẹ sùn. Mo pe Akíntádé lórí fóònù, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí ìyá náà lè gbọ́. Ọ̀kadà ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń kà wọ́n fún mi: ọ̀kan gbé iṣu, ọ̀kan gbé obìnrin méjì, ọ̀kan gbé àgbò. Ajá kò la ojú. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Lójijì, Ṣetìẹ gbé orí sókè. Etí rẹ̀ yí sí apá àpáta. Ó dìde, ó rìn dé etí fàráńdà, ó dúró bí ère. Mo tẹ́tí. Adìẹ ni mo gbọ́, àti ẹnì kan tó ń gún nǹkan nínú odó. Ajá náà gbé ẹnu sókè, ó sì hu. Ohùn náà gùn, ó ga, ó wá rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé kejì, mo gbọ́ tí ìyàwó Akíntádé ti ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ rí?" mo béèrè lórí fóònù.

"N kò rí nǹkan kan. Ọ̀nà ṣófo."

"Ẹ dúró."

Ṣetìẹ tún hu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Akíntádé tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

"Ọ̀kadà kan ń bọ̀ báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Pupa ni, bàbá kan ló gùn ún, ó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sára táǹkì rẹ̀." Ó kà á. "Ṣadé. Wọ́n kọ Ṣadé síbẹ̀."

Màmá Ṣadé gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti rí màlúù tó mọ abẹ́rẹ́ nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, irun orí mi dìde. Oko wà láàárín wa, àpáta wà láàárín wa, ọkùnrin tó dúró lójú ọ̀nà gan-an kò tíì gbọ́ ohunkóhun, ajá yìí sì ti ṣa ohùn ẹ́ńjìnnì kan láàárín gbogbo ọ̀kadà Ìbàràpá. Lójú ajá náà, ọ̀gá rẹ̀ ló ń kọjá lọ́jọ́ ọjà láìyà sílé. Ó ń pè é.

Akíntádé fúnra rẹ̀ ló dá bàbá náà dúró. Làmídì lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni láti abà kan lọ́nà Ayétẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba àdúgbò wọlé. Ó ní òun ti fẹ́ pa orúkọ yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ló dára jù lára gbogbo ọ̀kadà náà. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí Ṣetìẹ fi sáré dé ibẹ̀. Ó gbóòórùn àga, ó gbóòórùn táǹkì, ó wo ojú Làmídì, ó wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọ̀nà tó gbà wá. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fò gun táǹkì, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó kọjú síwájú.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, Màmá Ṣadé kò tíì sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó sun ún lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn kejì ṣí, ìyàwó Akíntádé, Bísí, jáde tòun ti oyún, ó rìn wá, ó sì dì í mú.

Làmídì wa ọ̀kadà náà jẹ́jẹ́ dé ìparí àdúgbò, ó sì gbé ajá padà wá.

Ẹ má rò pé híhu náà tán lọ́jọ́ kan. Mo sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má pariwo mọ́ ọn tó bá ń hu. Ariwo èèyàn létí ajá, ó dà bíi pé wọ́n ń bá a gbè é ni. Kí wọ́n má nà án. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí Màmá Ṣadé mú ẹja gbígbẹ dání, tí etí bá ti dìde, kí ó ní kó jókòó. Bó bá ti dákẹ́ ni kó fún un. Kí Làmídì sì máa yà, kí ajá lè rí ẹni tó ń wà á. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ṣì hu, Akíntádé sì yọjú lókè ọgbà.

"Ó tún hu, mà."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ka iye ìgbà tó gbé ẹnu sókè. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ mẹ́fà."

Mẹ́rin ni lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó di méjì, ó wá di ohùn kékeré kan nínú ọ̀fun. Ìwé ẹ̀sùn náà kò kúrò nínú àpò mi, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Bísí bí obìnrin, àlàáfíà sì ni. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ ọjà kan, ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì. A jókòó sí fàráńdà Màmá Ṣadé, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣetìẹ dìde, ó lọ dúró sí etí fàráńdà, etí rẹ̀ yí sí apá àpáta, kò sì hu. Bísí wò ó, ó gbé ọpọ́n.

"Làmídì ti ń bọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí àwọn tó kù tó gbọ́ ọ̀kadà rẹ̀."

Ó jáde lọ. Mo tẹ́tí títí, mo tilẹ̀ di èémí mú. N kò gbọ́ ohunkóhun. Ajá náà kò wò mí. Ó ń ju ìrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.