Inú Ọsàn Símẹ́ńtì ní Santasi

Ọ̀gá mi, ará Àṣáńtí tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ bíríkìlà, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi bí ọsàn ṣe dé agbègbè Santasi lẹ́bàá Kumasi. Ó ní àlejò ni ọsàn, pé àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n gbé kóró rẹ̀ wọ̀lú, tí ilẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Aboabo ní Kumasi, tí mo gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n tí bàbá mi ti fi abẹ kọ ìlú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì.

Àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sàn ló ní kí a mọ ọsàn ràgàjì kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ ohun tí ilẹ̀ àwọn ń so. Ó ga ju ilé lọ. Irin ni egungun rẹ̀, a sì ta àwọ̀n irin bò ó. Bí ẹnì kan bá ń lẹ símẹ́ńtì mọ́ ọn láti ìta, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà nínú tí yóò máa fi pátákó tì í padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á já bọ́ sínú. Èmi ni ẹni inú. Ihò orí rẹ̀, níbi tí a ó ri ẹ̀ka àti ewé ọsàn mọ́ níkẹyìn, ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo ní.

Ọjọ́ tí a ń parí rẹ̀, gbèdéke ìjọba ti kọjá, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá bá nílẹ̀ sí àtìmọ́lé. Ìyá mi ti di ẹrù. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni lọ́rì wa yóò gbéra ní Aboabo. Ìyá mi ní, "Má lọ síbì kankan lónìí, ọmọ mi. Ọsàn ta lo fẹ́ parí?" Mo ní màá ti dé kí wọ́n tó pèrun. Àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Lójú tèmi nígbà náà, bí mi ò bá sí níbẹ̀, ọsàn yẹn kò ní dúró.

Símẹ́ńtì ṣì tutù nígbà tí mo gbọ́ bàtà ọlọ́pàá méjì lábẹ́. Ibòòji ọsàn wa tù wọ́n lára, wọ́n jókòó, wọ́n ń bó ọsàn jẹ.

"Wòfà," ọ̀kan pe ọ̀gá mi bí àwọn Àṣáńtí ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni, "kí ló ń dún nínú nǹkan yìí?"

"Kòkòrò ni," ọ̀gá mi dáhùn. "Ìwọ ti rí ọsàn tó dùn tí kò ní kòkòrò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì ní, "Ṣé kì í ṣe kòkòrò Nàìjíríà ṣá?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Kwaku!" Orúkọ Àṣáńtí ni ó fi pè mí. "Kí àwọn ọ̀gá."

Mo kí wọn ní Twi tó já gaara.

"Ohùn rẹ̀ dára," ni ọlọ́pàá wí. "Ojú rẹ̀ ńkọ́?" Mo gbọ́ tí àkàbà kan ara ọsàn.

Ohun tó bá rí roboto kò ní igun tí ènìyàn lè sá sí. Mo bu símẹ́ńtì tútù, mo rẹ́ ojú ara mi bí ẹni ń rẹ́ ilé, títí gbogbo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi dí. Orí ọlọ́pàá bo ihò, inú ṣú. Ó wò mí títí.

"Háà, Wòfà, kòkòrò yín mà búrẹ́wà o!" Ó sọ̀kalẹ̀, ó padà sídìí ọsàn rẹ̀.

Wọn ò lọ. Símẹ́ńtì ń ta mí, ó ń fa awọ ojú mi bí ó ti ń gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ihò wọlé ń gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Òun ni mo fi mọ̀ pé Alásárì ti dé, òun náà ni mo fi mọ̀ pé ó ti kọjá.

Nígbà tí wọ́n fi lọ, tí mo fi dé Aboabo, yàrá wa ti ṣófo. Ìyá Hausa tó múlé tì wá sọ pé ìyá mi di ilẹ̀kùn lọ́rì mú, ó ń wí pé, "Ó ń bọ̀, ọmọ mi ń bọ̀," títí àwọn èrò fi ń bú u. Ọ̀gá mi fi mí pamọ́ sí ilé rẹ̀ ní Fante New Town títí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀. Kí n tó rí ọ̀nà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi ti kú.

Kumasi náà ni mo wà di òní, mo ti ń hu ewú. Mo máa ń rò ó wò. Ká ní mo jáde sí wọn, bóyá wọn ì bá nà mí, wọn ì bá tì mí mọ́lé, lẹ́yìn náà wọn ì bá gbé mi sọdá ààlà, síbi tí ìyá mi ń lọ gan-an. Ìwọ tí o jókòó tì mí, tí o ń gbọ́ ìtàn yìí, jọ̀wọ́, kí ni mo ń sá fún?