Àgbọ̀nrín Tí Emil Hrinko Kò Fà

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì dọ́là.

Iye tí ìjọba gbà láti san fún Emil Hrinko nìyẹn nítorí èjìká ọ̀tún rẹ̀. Nínú ìwé kan náà, ṣáájú ibi tí wọ́n kọ iye owó sí, ìjọba sọ pé àwọn kò gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ba èjìká náà jẹ́. Wọn kò gbà, ṣùgbọ́n wọn yóò san. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kó má ṣe gbà á sí àrífín, pé gbólóhùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà nínú gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé yàrá tí mo háyà wà lókè ṣọ́ọ̀bù Emil, àti nítorí pé Verna, ìyàwó rẹ̀, gbà pé ẹni tó bá ti jáde yunifásítì gbọ́dọ̀ lè ka ìwé lọ́yà.

Onígbàjámọ̀ ni Emil, ní ìlú wa tí èédú dá sílẹ̀, tí èédú sì pa tì. Bàbá rẹ̀ wa èédú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nǹkan dúdú. Dókítà ilé iṣẹ́ kọ ọ́ pé ikọ́ fée ni, kò dárúkọ èédú. Nígbà tó kú, ikọ́ fée ni wọ́n kọ sínú ìwé ikú rẹ̀. Emil, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ló lọ gba ìwé náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kan ń ka ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà títí ó fi délé ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó kọ́ iṣẹ́ tí kò ní mú un wọ abẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ tí apá èèyàn máa ń wà lókè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn, bó ṣe ń gbà á lọ́dọọdún. Kò ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ọrùn ẹ̀wù ló fà wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí ìdúró ni obìnrin tó fún un lábẹ́rẹ́ wà, orí àga ni òun jókòó sí. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ni obìnrin náà gún: orí èjìká gan-an, lẹ́bàá eegun, kì í ṣe ẹran apá tó wà nísàlẹ̀.

"Ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn kò ga jù?"

"Ẹ má mira, Bàbá. Ó ti tán."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Verna ló bá a bọ́ ẹ̀wù. Apá náà kò gòkè.

"Lọ rí dókítà."

"Ó máa lọ."

"Ta ló máa lọ? Ìrora ni àbí ìwọ?"

Kò lọ. Ó ń gẹ irun pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tó lẹ̀ mọ́ ìhà, ó ń ní kí àwọn oníbàárà tẹrí ba bí ẹni ń gbàdúrà. Wọ́n rò pé àgbà ló dé.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọdún Ìdúpẹ́, nípàrí oṣù Kọkànlá, ni wọ́n máa ń ṣí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín nígbà náà. Wọ́n tilẹ̀ ń ti ilé ìwé pa. Ọkùnrin tí kò bá lọ, wọn yóò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ó ti kú. Emil lọ sí àgọ́ ọdẹ pẹ̀lú Stush Yurick, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Kò gbé ìbọn sójú lẹ́ẹ̀kan. Stush ló yìnbọn pa akọ àgbọ̀nrín kan, Stush náà ló sì fà á gba ojú omi dídì dé ibi tí ọkọ̀ wà. Emil ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó fi ìbọn méjèèjì kọ́ èjìká òsì.

"Ẹ wo bàbá arúgbó mi," Stush ń kígbe. "Ṣé kí n fi okùn so ìwọ náà mọ́ ọn, kí n fà yín pọ̀?"

Nígbà tí Verna fi dandan lé e pé kó lọ sí ilé ìwòsàn nínú oṣù Kejìlá, Verna fúnra rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Stush ló fi ọkọ̀ gbé Emil lọ. Inú ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀:

"Verna ní abẹ́rẹ́ ni. Ṣé òótọ́ ni? Abẹ́rẹ́! Bàbá rẹ fi orí gbé òkè, ìwọ, ohun tí kò tó irun imú ló gbé ọ ṣánlẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ará àgọ́ gbọ́, wọ́n á ra ọmọláńgidi fún ọ."

Stush bá a wọ inú yàrá. Ó jókòó sórí àga igun, ó fi fìlà ọdẹ aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ lé orúnkún. Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Emil wo Stush.

"Ní àgọ́ ọdẹ," ó ní. "Àgbọ̀nrín ni mo fà."

Stush mọ̀ pé irọ́ ni. Ó yíjú sí àwòrán eegun tó wà lára ògiri. Dókítà kọ ohun tó gbọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún èjìká náà. Síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún Emil kò kọjá etí rẹ̀ mọ́. Ó ta àga ìgẹrun fún onígbàjámọ̀ kan ní ìlú kejì. Verna wá agbẹjọ́rò kan rí ní Filadẹ́fíà, Paula Trexler, ẹni tí àpò owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe léṣe ni yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀. Trexler ṣàlàyé pé òfin fẹ́ kí ìrora bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí ìgbà abẹ́rẹ́. Ó kó gbogbo ìwé ilé ìwòsàn jọ. Lẹ́yìn náà ó pè wọ́n lórí fóònù.

"Ọ̀gbẹ́ni Hrinko, ẹ jọ̀ọ́, àgbọ̀nrín wo nìyí?"

Verna búra nípa ẹ̀wù tó bá a bọ́. Stush náà búra, ó kọ ọ́ pé, "Èmi ni mo fà á. Gbogbo rẹ̀." Ṣùgbọ́n ọdún kejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ ìwọ̀nyí. Dókítà tí ìjọba gbà, ẹni tí kò fọwọ́ kan èjìká náà rí, kọ ọ́ pé àgbọ̀nrín tó fà lóko ọdẹ ló ṣe é, ó sì tọ́ka sí ẹnu Emil fúnra rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, ọkùnrin kan gbé pátákó wá, ó fẹ́ kí Emil bá àwọn dúró níta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti pariwo pé májèlé ni gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára.

"Ṣé pé ibi tó ga jù ni wọ́n gún ni ẹ kọ síbẹ̀?" Emil bi í.

"Rárá, bàbá. Májèlé."

"Ẹ̀yin náà ti kọ ohun tí mi ò sọ."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta dé. Àsìkò àwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, Verna ń di pierogi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ń di ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ tà lọ́jọ́ Ẹtì, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Stush jókòó, ó ń jẹ èyí tó fàya. Trexler ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: kí Emil buwọ́lùwé, tàbí kó dúró ọdún méjì sí i de adájọ́, ó sì lè má gba kọ́bọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Owó kọ́ ni Emil ń wò. Ó fẹ́ kí ẹnì kan tó ní àṣẹ kọ ọ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

"Ka ibi tí wọ́n ti ní kò rí bẹ́ẹ̀," ó wí fún mi.

Mo kà á.

"Gba owó, jàre," Stush ní. "Ta ni yóò ka ìlà yẹn?"

"Èmi."

"Emil," Verna ní, "mi ò ní ọdún méjì lára mọ́. Òrùlé ń jò."

"Ikọ́ fée ni wọ́n kọ fún bàbá mi."

Emil wá ní kí n ka ti dókítà àkọ́kọ́, ti oṣù Kejìlá. Mo wá a jáde. Gbólóhùn kan ni: aláìsàn sọ pé nígbà tí òun ń fa àgbọ̀nrín ló bẹ̀rẹ̀.

"Aláìsàn sọ," Emil ní. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń tọ́ oúnjẹ wò. "Bàbá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ikọ́ fée ni. Àwọn ló sọ fún un. Tèmi, ẹnu mi ló ti jáde. Ìjọba kàn dà á kọ ni."

"Mo wà níbẹ̀," Stush ní. Kò jẹun mọ́.

"Mo rí ọ. Ojú rẹ ni mo wò."

Ó gbé ìwé ìjọba náà lé itan, nítorí pé ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ti lè kọ̀wé dáadáa, ó sì buwọ́lù ú. Verna nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìwé náà kí ìyẹ̀fun má bàa kàn án.

Wọ́n ti tún òrùlé ṣe. Ní oṣù Kẹwàá Emil tún lọ gba abẹ́rẹ́. Apá òsì ló nà, ó ká ẹ̀wù sókè fúnra rẹ̀, ó sì ní kí ọmọbìnrin tó fẹ́ gún un kọ́kọ́ fa àga jókòó.

Ìjọba tó san owó ohun tó ní kò ṣẹlẹ̀, mi ò gbóríyìn fún un. Ẹ̀rín inú ọkọ̀ Stush, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni fi í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sí nínú yàrá dókítà lọ́jọ́ náà. Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìwọ náà yóò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì bi ọ́ léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ jáde. Ti ilẹ̀kùn. Sọ ọjọ́ náà gan-an, sọ ohun tó ṣe ọ́, má sì kúrò lórí àga títí dókítà yóò fi ka ohun tó kọ sétí rẹ.