Ọjọ́ tí Wọ́n Wá Béèrè Iṣẹ́ Ọmọ Mi

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ni ó kọ́ àwọn ìyá abúlé wa láti máa ka káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wọn. Mo fẹ́ kọ bí ó ṣe ku díẹ̀ kí n gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nípa pé mo jókòó lásán.

Èmi náà pẹ́ kí n tó mọ̀wé. Mo ti ń dá oko ẹ̀gẹ́ fúnra mi kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; orúnkún mi kì í wọ abẹ́ tábìlì. Mo rọ́jú títí mo fi di akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ẹgbẹ́dá, ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Ní abúlé, Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ẹni tí ó bá ní lẹ́tà, tàbí ìwé ilẹ̀, tàbí páálí oògùn, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń gbé e wá. Nígbà tí ìyá ọmọ mi wà láyé, òun ni ó máa ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn obìnrin, yóò tò wọ́n sórí àga, yóò ní, "Ẹ bá wọn wò ó, wọ́n ń kánjú." Èmi yóò kà á, màá sọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà lọ sí ilé ìwòsàn fún wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n lè máa kà á fúnra wọn. Ọmọ mi ni ó ro ìyẹn.

Ó wà ní yunifásítì nígbà náà, ó sì jẹ́ alága ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé. Ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ kò yé mi tán. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè bí omi kò bá yọ, tàbí bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn tí kò ní ará nítòsí. Nígbà tí mo lọ kí i, a kò lè jókòó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnìkan dé: "Alága, kọ́kọ́rọ́ yàrá wa bọ́ sínú gọ́tà." Òmíràn dé: "Alága, wọn ò tíì dá wa lóhùn ní kílíníìkì o." Ó dìde, ó lọ, ó padà, ó tún dìde. Mo gbé ìrẹsì tí mo sè fún un sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo wọkọ̀ padà sílé. Inú mi dùn gan-an, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́.

Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin yóò wọkọ̀, wọn yóò gba Alákìá dé Ẹgbẹ́dá, wọn yóò wá gun ọ̀kadà wọ abúlé. Abẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ṣe kíláàsì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gẹ́ wà lórí itan wọn, wọ́n ń wo pátákó. Nọ́ńbà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ́ wọn ní oṣù, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ kálukú wọn. Ìyá Àgbà, tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́, ni kì í jẹ́ kí kíláàsì náà tòrò.

"Tísà kékeré, kí ni èyí tí o kọ yìí?"

"Eéje ni, Ìyá."

"Eéje wo? Ọkọ́ tí bàbá wọn wá títí ní èṣí nìyí o!"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà á rẹ́rìn-ín, á sì ní kí Ìyá Àgbà wá kọ ọkọ́ náà sójú pátákó ní ìgbà mẹ́wàá.

Ní ọdún tí ó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, yunifásítì mú orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú ọgbà àti fún ará ìlú. Ó wá sílé wá sọ fún mi. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàámi, wọ́n máa rán ẹnìkan wá síbí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará abúlé fúnra wọn."

"Ó dára."

"Wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ò gbọdọ̀ dá sí i. Ẹ má sọ nǹkan kan o."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ nǹkan kan rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ padà. "Bí wọ́n bá kọ iṣẹ́ yìí sí orúkọ mi, wọ́n á máa rán akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wá lọ́dọọdún láti máa bá a lọ. Bí wọn ò bá kọ ọ́, tí mo bá ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn ìyá ò sì tíì lè ka ọdún dáadáa."

N kò rò pé ìṣòro kankan wà níbẹ̀. Gbogbo abúlé ni ó mọ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ tí wọ́n rán dé, obìnrin kan tí ó tó ẹgbẹ́ mi, tí ó ní ohùn pẹ̀lẹ́, tí ó sì gbé fọ́ọ̀mù dání. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Baálẹ̀ ti jókòó, àwọn ìyá ti péjọ sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú aṣọ tí ó mọ́. Wọ́n gbé àga kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Olùkọ́ náà kí gbogbo wa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fòyà, ìbéèrè kan ni àwọn ní. "Ta ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ta ni ó sì ń ṣe é?"

Baálẹ̀ húkọ́ díẹ̀, wọ́n nawọ́ sí mi. "Akọ̀wé wa yìí ni. Láti ìgbà tí ó ti mọ̀wé ni kò ti fi wá sílẹ̀ nínú òkùnkùn."

Àwọn ìyá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Òun ni o. Ọlọ́hun á máa ràn án lọ́wọ́."

Olùkọ́ náà wò mí, wọ́n wo ọmọ mi tí ó dúró ti pátákó, wọ́n tún wo fọ́ọ̀mù. "Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ńkọ́?"

"Ọmọ rẹ̀ ni," ni Baálẹ̀ dáhùn. "Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ bá rán an ni ó ń jẹ́."

Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí gègé wọn ṣe ń ha ìwé.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè rò pé wọ́n ń parọ́. Wọn kò parọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ bá ṣe ohun tí ó dára, tí bàbá rẹ̀ sì wà ní ìjókòó, bàbá ni a ń kí. Ẹni tí ó bá kọjá bàbá lọ yin ọmọ, ó rí bàbá fín ni. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀ pé n kò fọwọ́ kan pátákó yẹn rí. Wọ́n ń bu ọlá fún mi ni, ọlá náà sì ń gba iṣẹ́ ọmọ mi lọ lójú mi.

Mo wò ó. Kò lè já Baálẹ̀ nírọ́ láàárín àwùjọ. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹfun kúrò lára ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń ṣe bí nǹkan bá dùn ún: kò ní sunkún, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wá iṣẹ́ ṣe.

Wọ́n ti ní kí n má sọ̀rọ̀. N kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò fi ní dójú ti Baálẹ̀. Mo dìde, mo tẹrí ba fún wọn, mo ní, "Ẹ yọ̀ǹda mi," mo sì gba ẹ̀yìn ilé jáde.

N kò tíì dé ibi ààrò tí wọ́n ti ń yan gààrí tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá Àgbà ni, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Akọ̀wé! Kí ló dé? Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Wọ́n ń yìn ọ́ lọ́wọ́, lo bá gbéra ńlẹ̀. Ojú ti ń ti Baálẹ̀."

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Ta ni ò mọ̀? Ìwọ tí o kì í sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ lóòjọ́, ta lo fẹ́ kọ́ níwèé? Kí a wá máa yin ọmọ lójú rẹ, bí ẹni pé o ti kú?"

"Orúkọ tí ẹ bá dá ni wọ́n máa kọ. Bí wọ́n bá kọ tèmi, tí ọmọ náà bá ti lọ, ẹ̀kọ́ dúró."

"Ó dúró báwo?"

"Kò sí tísà mọ́, Ìyá."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí. "O sì jókòó síbẹ̀ bí ère! Kí ni kò jẹ́ kí o la ẹnu?"

"Wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Òfin tí ó bá ọ lára mu nìyẹn!" Wọ́n ti yí padà kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. "Dúró síbẹ̀ o. Bí mo bá rí ojú rẹ lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ni màá fi lé ọ."

Mo jókòó ti ààrò. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà nìkan ni. Lẹ́yìn náà ó di ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oòrùn ti kúrò lára ògiri kí ọmọ mi tó wá pè mí.

"Olùkọ́ ti ń lọ, Bàámi. Ẹ wá sìn wọ́n."

"Kí ni àwọn ìyá sọ?"

"N ò lè sọ ọ́ fún yín." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí ó di ọjọ́ àmì ẹ̀yẹ, Baálẹ̀ àti Ìyá Àgbà bá mi lọ sí gbọ̀ngàn yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n pè jáde. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ka iṣẹ́ àwọn yòókù. Nígbà tí ó kan ọmọ mi, olùkọ́ tí ó wá sí abúlé ni ó dìde. Wọ́n sọ ti omi, wọ́n sọ ti àwọn aláìsàn tí ó tọ́jú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn yóò ka ohun tí àwọn ará abúlé sọ, ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Ìyá kan ní: 'Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́ta péré ni a wá. Ó kọ́ àwa mẹ́ta bí ẹni tí ó ń kọ́ ọgọ́rùn-ún.' Òmíràn ní: 'Tẹ́lẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá bi mí léèrè ọjọ́, ojú nọ́ọ̀sì ni mo ń wò. Káàdì ni mo ń wò báyìí.' Baálẹ̀ ní: 'Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ, bàbá rẹ̀ ni mo fi bọ̀wọ̀ fún. Ẹ pa á rẹ́.'"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ gbé ojú sókè, wọ́n ń wo fáànù.

"Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn ní: 'Bàbá rẹ̀ ń kàwé fún wa. Bí ó bá kà á, a ó dúpẹ́, a ó tún padà wá. Ọmọ yìí ni kò fẹ́ kí a máa padà wá.'"

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà jù bẹ́ẹ̀ lọ rí nípa èmi àti ọmọ mi. Ká ní n kò dìde lọ́jọ́ yẹn ni, wọn kì bá tí sọ ọ́. Ìyá Àgbà fi ìgúnpá gbún mi.

"Ṣé o bínú?"

"Rárá, Ìyá."

"Pàtẹ́wọ́ nígbà náà."

Mo pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé mi lọ́wọ́. Mo ní tirẹ̀ ni, kí ó gbé e dání. Baálẹ̀ na ọwọ́ sí mi.

"O kú oríire, Akọ̀wé. O ṣe wá lóore."

"Òun ni kí ẹ kí, Baálẹ̀."

"Lójú rẹ?"

"Lójú mi."

Baálẹ̀ tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá mo máa yí i padà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ọmọ náà níbi tí ó kúnlẹ̀ sí, wọ́n sì kí i pẹ́.