Shukurat àti Ojú Oró Ìwopin

Bí ẹ bá bi Alhaji Bàdírù tí ń ta pákó ní Òkè-Àgbò léèrè iṣẹ́ tí Shukurat ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní ọmọ òun ń wo ilé ayé láti òkè. Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọgbọ́n tí Alhaji fi ń bo ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ gidi ni. Ní ọ́fíìsì wọn ní Àgọ́-Ìwòyè, Shukurat ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń yẹ àwòrán wò, àwọn àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà bó ṣe ń kọjá lórí ọ̀sà. Ètò náà ń ṣọ́ ojú oró, ewéko tí ń léfòó lójú omi ní Ìwopin. Bí atẹ́gùn bá dà á wá sí èbúté, á dí ọ̀nà ọkọ̀, á wọ́ àwọ̀n àwọn apẹja lọ, á sì fà á ya. Shukurat fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ kó tó dé.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, òfo ni. Wọ́n ká àwọ̀n, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń retí ojú oró tí kò wá, omi sì dákẹ́ rọ́rọ́, ẹja ń ṣeré nínú rẹ̀. Olórí wọn, Bàbá Oyètọ́lá, àgbà ìjọ Aládùúrà tí kì í parọ́ tí kì í sì í fẹ́ kí wọ́n pa á fún òun, pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, mè bínú, ṣùgbọ́n mè ní gbọ́ tìẹ mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Shukurat wọra. Ó sunkún, n kò ní í purọ́ fún yín. Moyinolúwa ọ̀gá rẹ̀ ní bí àwọn ará Ìwopin bá ti kọ̀ ọ́, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí etí omi mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni Shukurat, ẹ ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó padà sídìí àwòrán. Ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ọjọ́ tí atẹ́gùn fẹ́ àti ọjọ́ tí kò fẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn ojú oró kan wà tí kì í kúrò lójú kan, bó ti wù kí atẹ́gùn le tó. Ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ kò kan ilẹ̀, kí ló dì í mú? Ó wọ mọ́tò, ó di Ìwopin, ó bẹ ọlọ́kọ̀ kan kó tukọ̀ gbé e débẹ̀. Igi ló bá nínú omi. Àwọn apẹja fúnra wọn ló ri igi mọ́lẹ̀ yí ojú oró náà ká, kí ẹja lè sá sábẹ́ òjìji rẹ̀, kí wọ́n sì wá kó o bó bá yá. Ètò rẹ̀ ti ń ka oko ẹja olóko mọ́ ewéko tí ń bọ̀ wá jà. Ó rẹ́rìn-ín títí ọlọ́kọ̀ fi ń wò ó bóyá orí rẹ̀ pé.

Ó tún ètò náà kọ, kó máa yọ èyí tí kì í rìn sọ́tọ̀. Kò pẹ́ tí ètò fi tún kígbe: ojú oró ńlá kan ń bọ̀, yóò gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ Jímọ̀. Shukurat kò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Oyètọ́lá, ó ṣàlàyé ibi tí ètò òun ti ṣìnà, ó sì fi oko ẹja tiwọn gan-an hàn án nínú àwòrán. Bàbá dá oko náà mọ̀. Ó ní kí wọ́n ká àwọ̀n. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ká a.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti di pápá. Ojú oró bo èbúté bámúbámú, kò sì rí àwọ̀n kankan fà ya. Àwọn tó kùn lánàá ló kọ́kọ́ gbé orin ọpẹ́. Mùsùlùmí inú wọn ń ní Alihamudulilahi, Aládùúrà ń ní Halelúyà, Shukurat ń ṣe àmín sí méjèèjì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé kó fò.

Bàbá Oyètọ́lá rìn wá bá a létí omi, ó fi ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni ojú oró yìí máa kúrò níbẹ̀?"

Gbogbo apẹja tí kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ mọ́ níjọ́sí yíjú sí i, wọ́n ń dúró de ohun tí yóò sọ.